Èmi Kọ́ Ni Owó Òrùlé

Ẹ̀gbọ́n mi Ambrose kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ jọ jà, ẹ ṣáà mú bírò jáde níwájú rẹ̀. Kajú ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, láti Òmù-Àrán títí dé Ìsánlú-Ìsin, ó sì ti ń rà á láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun gba ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. "Ẹnu mi ni ìwé mi," ni yóò wí, yóò sì fọwọ́ lu àyà. Ẹni tó bá béèrè ìwé ti bú u nìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi o, ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi kó agídí tó tó báyìí sínú ẹnì kan ṣoṣo.

Nítorí náà, nígbà tí ilé tuntun tó ń kọ́ sí ọ̀nà Èsìẹ́ dé ibi òrùlé, ẹnu náà ló fi bá kápẹ́ńtà ṣe àdéhùn. Abẹ́ igi kajú iwájú ilé ni wọ́n dúró sí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá wo yàrá tó ní òun yóò fún mi bí mo bá ń wá kí òun. Olúṣẹ̀yẹ ni kápẹ́ńtà náà ń jẹ́, ọmọ Òmùpò. Ó pe iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi já a wálẹ̀, wọ́n fà á síwá fà á sẹ́yìn títí wọ́n fi pàdé láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi san díẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìyókù di ìgbà tí páànù tó kẹ́yìn bá balẹ̀ sórí ilé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Motún ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èsìẹ́. Ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ló sì ti ń se oúnjẹ bàbá rẹ̀, tó ń lọ aṣọ bàbá rẹ̀, tó ń gba ìbínú bàbá rẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá béèrè rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ jù. Ó ní èkejì kì í sọ̀rọ̀. Kí ni kéèyàn wá ṣe?

Ọjọ́ Sátidé kan ni Motún kọ́kọ́ gbé omi lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́, Àǹtí," Olúṣẹ̀yẹ dáhùn láti òkè.

"Igi yẹn wọ́."

"Igi wo?"

"Èyí tí ẹ jókòó lé."

Àfísù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Share ni Àfísù, òun àti Olúṣẹ̀yẹ ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. "Tíṣà ti dé o! Ṣẹ̀yẹ, dìde lórí igi kí wọ́n lè bá ẹ máàkì ẹ̀."

Olúṣẹ̀yẹ ta okùn, ó wò ó. Igi náà wọ́ lóòótọ́. Kò jiyàn, kò sì bínú. Ó tú u, ó tún un kàn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi, ó bi í pé, "Ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ kápẹ́ńtà?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìlà tí àwọn ọmọdé ń fà sínú ìwé ni mò ń wò lójoojúmọ́. Mo mọ èyí tó wọ́."

"Ẹ ó máa wá bá wa wò ó nígbà náà."

"Bí mo bá ráyè."

Ó ráyè. Gbogbo Sátidé ló ń ráyè.

Aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Òmù-Àrán, ẹni tó bá sì ń rán aṣọ fún obìnrin kò ní ṣàìmọ àṣírí rẹ̀. Motún gbé áńkárá wá, ó ní aṣọ tí òun yóò máa wọ̀ lọ sí ilé-ìwé ni, kí n fún un ní ìbàdí dáadáa. Mo ní, "Ilé-ìwé wo ló ń fẹ́ kí ìbàdí fún tó báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jókòó tì mí, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Àǹtí, bó bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, á dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò tíì rí irú ẹ̀ rí? Nílé wa, Bàbá ló ń béèrè, Bàbá náà ló ń dáhùn." Ó ká áńkárá náà sórí itan. "Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa se oúnjẹ wọn?"

Mo ní ẹni ọdún rẹ̀ tó ń bẹ̀rù nítorí ọbẹ̀ bàbá rẹ̀, ọbẹ̀ náà ni yóò sin ín dé ogbó.

Bàráńdà ló wá dá gbogbo rẹ̀ rú. Bàráńdà kò sí nínú àdéhùn abẹ́ igi kajú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdédé dé ní Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ bàráńdà fífẹ̀ níwájú ilé, níbi tí òun yóò ti máa gba atẹ́gùn. Olúṣẹ̀yẹ ní kò burú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Motún wà nítòsí, ó ń bu omi. Ọmọkùnrin náà wò ó, orí rẹ̀ wú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Iṣẹ́ àna nìyẹn."

Láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni a kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọn a kọ ebè kanlẹ̀, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ àna nìyẹn. Àgbàṣe lọ́tọ̀, òun ni èyí tí à ń sanwó rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí fẹ́ fi àwàdà ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ kó lè wo ibi tí yóò balẹ̀ sí. Inú etí ẹ̀gbọ́n mi ló balẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn mi orí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá láti ìgbà yẹn.

Páànù tó kẹ́yìn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti Motún kó wọnú ilé náà láìpẹ́. Olúṣẹ̀yẹ sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń di kajú sápò. Motún wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́.

"Bàbá, iṣẹ́ ti parí. Ìyókù owó wa ni mo wá gbà."

"Owó wo?"

"Owó òrùlé, Bàbá."

"Ṣebí ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé iṣẹ́ àna ni?"

"Bàráńdà nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún."

"Ṣé bàráńdà kò sí lára òrùlé ni? O wí i, mo gbọ́. Ẹnu ni ìwé."

Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ sínú eruku kajú. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ ti gbà mí ní àna nìyẹn. N óò lọ sọ fún àwọn òbí mi."

"Ta ló fún ọ lọ́mọ? Ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tó ń gun orí ilé onílé kiri. Dìde níbẹ̀, máa lọ."

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tó kan owó, àna ni. Nígbà tó kan ọmọ, kápẹ́ńtà ni. Inú bí mi débi pé mo gé aṣọ oníbàárà sódì lọ́jọ́ náà.

Àfísù ní Wàláhì, òun yóò gòkè lọ tú páànù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olúṣẹ̀yẹ ní, "Orí ilé tí Motún ń sùn sí lo fẹ́ ṣí?" Àfísù ní kò burú, kí Motún máa sùn, ṣùgbọ́n kí ni òun àti àwọn tó kù yóò jẹ? Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní aya, wọ́n ní ọmọ.

Olúṣẹ̀yẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù.

"Àǹtí Àjọkẹ́, mo ti rò ó. Mo fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ mi àti ẹ̀rọ tí mo fi ń gé igi, kí n fi san owó àwọn Àfísù. Kí Bàbá máa mú owó òrùlé lọ. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo gbà, gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, iṣẹ́ àna ni. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, wọn kò lè lé mi mọ́."

Ọgbọ́n ni mo pè é. Mo tilẹ̀ ti ń wá gèlè mi kí n lè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni Motún wà, ó ń dán aṣọ wò. Ó jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣòwò."

"Òwò wo?" mo bi í.

"Òwò èmi." Olúṣẹ̀yẹ ló kọjú sí. "Bàbá jẹ òógùn rẹ, o wá fẹ́ kí wọ́n fi mí dí i. Lọ́jọ́ tí a bá jà nínú ilé, tí inú bí ẹ, kí lo máa wí?"

"Motún, n kò lè sọ ọ́ láéláé."

"O ò ní sọ ọ́. Èmi ni n óò máa gbọ́ ọ, nígbàkigbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Èmi kọ́ ni owó òrùlé, Ṣẹ̀yẹ. Lọ gba owó rẹ. Lẹ́yìn náà, kó o wá fẹ́ mi."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó pè é ní "o". Ohùn rẹ̀ le, ó ń fa abẹ́rẹ́ yọ lára aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin náà bínú jáde. Ó ní òun fẹ́ ta gbogbo ohun tí òun ní nítorí rẹ̀, ó wá ń pe òun ní oníṣòwò.

Ganmo ló lọ, ó rí iṣẹ́ òrùlé níbẹ̀. Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Bí Motún bá pè é, á gbé e, á ní òun wà lórí igi. Bí òun náà bá pè é, Motún kò ní gbé e, bó bá yá á ní kíláàsì ni òun wà. Irọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, ó ń wo fóònù títí yóò fi dákẹ́. Mo bi í pé ṣé kò ní kábàámọ̀. Ó ní, "Mo ń kábàámọ̀ lójoojúmọ́, Àǹtí. Òótọ́ ni mo sọ síbẹ̀." Bí a bá jọ ń rìn lọ, orí òrùlé ilé onílé ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ìfẹ́ ń dun ọmọ mi, kò sì jẹ́ kí ó tẹ òun ba.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn Olúṣẹ̀yẹ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. "Motún, mo ti rò ó títí. N kò ta jẹnẹrétọ̀ náà. Mo ń bọ̀ wá gba owó mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Motún gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó gbé fóònù náà mọ́ra.

Iṣẹ́ mi wá kù. Mo lọ bá Bàbá Jòhánù, olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ kọ ìpè rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa pé sí pálọ̀ rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi, Motún, èmi, Olúṣẹ̀yẹ àti Àfísù.

"Ambrose," ni Bàbá Jòhánù wí, "iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe fún ọ, àgbàṣe ni àbí iṣẹ́ àna?"

"Iṣẹ́ àna ni, Bàbá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Olúṣẹ̀yẹ, dìde, kó o dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ta gìrì. "Bàbá, n kò fún un lọ́mọ o!"

"A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Bó bá jẹ́ àgbàṣe, sanwó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àna, àna rẹ nìyí. Mú ọ̀kan."

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kó máa mú un lọ nígbà náà."

Bí ẹni tó ń ta àpò kajú tí òjò ti pa ló ṣe sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo wa ń wá náà ló fi lélẹ̀ yẹn. Orúnkún Olúṣẹ̀yẹ ti ń tẹ̀. Motún dìde, ó wá kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lọ. Ẹ kò ní fi mí san gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí fún un, ẹ fi mí fún un lọ́jọ́ tí ẹ kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Títí di ọjọ́ náà, mo wà nílé yín, n óò máa se oúnjẹ yín." Ó yíjú sí Olúṣẹ̀yẹ. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni?"

Mo rí ojú ọmọkùnrin náà. Ohun tó ti ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ wà níwájú rẹ̀, kò ju kó tẹ àyà mọ́lẹ̀ lọ. Ó na orúnkún rẹ̀. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Àgbàṣe ni, Bàbá," ó wí fún olórí ẹbí wa. "Owó mi ni mo wá gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. A rò pé ó ti bínú lọ sílé, ṣùgbọ́n ó padà wá pẹ̀lú owó nínú ọ̀rá dúdú, ó kó o kalẹ̀ síwájú Bàbá Jòhánù. Ó ti san ti bàráńdà mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ sọ sí i.

"Mo ti san án. Kápẹ́ńtà ni ọ́ báyìí, o kì í ṣe àna mi. Kò sí nǹkan kan láàárín wa mọ́."

Olúṣẹ̀yẹ dúpẹ́. Ó gbé ti Àfísù àti àwọn tó kù lé e lọ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Kí nìyẹn?"

"Owó bàráńdà, Bàbá. Èmi ni mo la ẹnu sọ pé iṣẹ́ àna ni. Èyí tó kan àwọn Àfísù níbẹ̀, àpò ara mi ni mo ti san án. Bí ẹ gbà mí, bí ẹ kò gbà mí, n kò lè kó ọ̀rọ̀ ẹnu mi jẹ. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹnu ni ìwé."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, ó sì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wo owó náà títí. Bàbá Jòhánù ní, "Ambrose, o ti pàdé ẹnìkejì rẹ," ó sì ní kí wọ́n bá òun bu omi.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo bá a lórí àga nínú bàráńdà, níbi tó ń jókòó sí lójoojúmọ́ nígbà náà. Mo bi í pé kí ni ọmọkùnrin yẹn ṣe fún un gan-an.

"Kò ṣe nǹkan kan." Ó bojú wo inú ilé lẹ́yìn rẹ̀. "Ilé ńlá báyìí, Àjọkẹ́. Ta ni yóò bá mi gbé e?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ohun kan ń ba òun lẹ́rù. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Èmi ńkọ́? Ṣebí ẹ ti fún mi ní yàrá."

"Ìwọ ń sọ̀rọ̀ jù," ó wí, ṣùgbọ́n kò lé mi.

Mo ní àwọn ará Òmùpò fẹ́ wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò ní kí wọ́n wá, kò ní kí wọ́n má wá. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n dé lóòótọ́, Olúṣẹ̀yẹ àti bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, Àfísù ló wa mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sá sábẹ́ igi kajú, ẹrù wọn lọ́wọ́, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n wọlé tàbí kí wọ́n padà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú bàráńdà, kò mira. Motún wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tí mo fún ní ìbàdí yẹn, ó di férémù mú. Òjò ń lu páànù kíkankíkan, ẹ̀kán kan kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wo òrùlé náà láti igun kan dé èkejì. Ó wá gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin ará Òmùpò, kí lẹ ń ṣe nínú òjò? Ẹ máa bọ̀ jàre. Ẹ wá jókòó sábẹ́ iṣẹ́ àna mi."